Kí Ẹran Tó Wọ Ìkòkò

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo tún gbé wá lónìí, ilé ìdáná tiwa ní Ìbàdàn gan-an ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin kì í jẹ ẹran mọ́. Kì í jẹ ẹja, kì í jẹ edé. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹyin, ó sì ń jẹ wàrà. Ọdún kejì rèé tí ó ti ṣe ìpinnu náà. Kò sí àìsàn tí ó ṣe é, kò sì sí wòlíì tí ó rán an níṣẹ́. Ó ní ọkàn òun ni kò gbà á mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí ìpinnu náà kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, màmá wa gún iyán, wọ́n sì ro ẹ̀fọ́. Wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ pé kò sí ẹran nínú ìkòkò náà. Inú àbúrò mi dùn, ó fọwọ́, ó jókòó. Òkèlè kẹta ni ó wà tí ó fi rí ìrù edé kan láàárín ẹ̀fọ́. Ó wo màmá. Màmá ń wo àwo tiwọn.

‘Edé lásán ni,’ ni wọ́n wí nígbà tí ó pẹ́. ‘Edé kì í ṣe ẹran. Mo gún un kí o má baà mọ̀ ni, torí o ti ń rù.’

Àbúrò mi sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwa yòókù tí ń jẹ ẹran, ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ níwájú ìyá rẹ̀, ó sì dìde. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, búrẹ́dì àti ẹ̀pà ni ó ń jẹ nínú ilé tí ìkòkò ọbẹ̀ kì í gbẹ.

Mo mọ̀ pé ilé wa nìkan kọ́ ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nínú ilé mìíràn, dókítà ni ó ní kí bàbá dín ẹran pupa kù. Nínú òmíràn, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni: ìjọ Seventh-day Adventist, fún àpẹẹrẹ, a máa gba àwọn ọmọ ìjọ níyànjú láti gbára lé èso, ẹ̀wà àti ewébẹ̀. Nínú ilé mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyàwó tuntun ni kì í jẹ ẹran, tí ọkọ rẹ̀ kò sì lè jẹun láìsí i. Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń béèrè kò yàtọ̀: ‘Ṣé oúnjẹ méjì ni n ó máa sè lójoojúmọ́ ni?’

Ìdáhùn mi ni pé rárá. Oúnjẹ kan tó, bí alásè bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹran wọ inú ìkòkò, tí ó sì ń sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹran dúró fún

Kí a tó dáná, ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń dùn àwọn ìyá wa tó bẹ́ẹ̀. Láàárín àwa Yorùbá, ẹran kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ẹran ni a fi ń yẹ́ àlejò sí. Ẹran ni a fi ń mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé; ìwe adìyẹ kì í ré kọjá àwo bàbá. Ọmọ tí ó jẹ́ iṣẹ́ dáadáa a máa rí ègé kan lé lórí tirẹ̀. Ìyá tí kò mọ bí a ti ń sọ pé ‘mo fẹ́ràn rẹ’ ní gbangba a máa fi ẹran sọ ọ́.

Nígbà tí mo bi màmá léèrè ohun tí ó dé tí wọ́n fi gún edé sínú ọbẹ̀ náà, ohun tí wọ́n sọ kò kúrò lọ́kàn mi di òní: ‘Nígbà tí ó kọ ẹran, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ mi ni ó kọ̀.’ Ìfẹ́ ni wọ́n gún mọ́ ọbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí a fi pamọ́ sínú irọ́ kì í dùn lẹ́nu ẹni tí a ṣe é fún.

Bẹ́ẹ̀, jíjẹ́ ẹni tí kì í jẹ ohun kan kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa mọ èèwọ̀. Olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu, oúnjẹ tí a sì ń gbé síwájú òrìṣà náà kì í ní iyọ̀. Ìdílé kan wà tí kì í jẹ ẹranko báyìí, ìdílé mìíràn kì í jẹ ẹyẹ báyìí. Ìyàwó tí ó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ a bèèrè èèwọ̀ ilé kí ó tó gbé ìkòkò kaná, nítorí kò sí ẹni tí ń fi èèwọ̀ ẹlòmíràn dán an wò. Ìpinnu àbúrò mi kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kan náà ni ó tọ́ sí i. Ẹnu ẹni ni ilẹ̀kùn ara ẹni. Kò yẹ kí ẹlòmíràn gba ẹ̀yìn wọlé.

Pín ọbẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó jinná

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé ẹran ni a kọ́kọ́ ń gbé kaná. Omi ẹran ni a fi ń se ata, omi ẹran ni a fi ń se ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ti wọ inú gbogbo oúnjẹ kí a tó rántí ẹni tí kò jẹ ẹ́. Yíyọ ègé ẹran kúrò nínú àwo ẹni náà kò yanjú ọ̀rọ̀, nítorí omi rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ yí ètò náà padà. Ẹ se ohun tí gbogbo ilé jọ ní ṣáájú, kí ẹran wọlé gbẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀fọ́ rírò fún ènìyàn márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ bọ ẹran àti pọ̀nmọ́ nínú ìkòkò tiwọn, kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí yóò kún abọ́ ńlá kan, ẹ da omi gbígbóná sí i fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ lọ tàtàsé mẹ́rin, ata rodo mẹ́ta àti àlùbọ́sà kan, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó kúnná jù. Ẹ gbé epo pupa ṣíbí ìjẹun mẹ́fà kaná, kí ẹ má jẹ́ kí ó rú èéfín. Ẹ da àlùbọ́sà kejì tí ẹ ti gé sí i, lẹ́yìn náà irú ṣíbí méjì, lẹ́yìn náà ata. Ẹ dín in títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ tí epo yóò sì léfòó.

Ibí yìí ni oríta. Ẹ bu ìpín ẹni tí kì í jẹ ẹran sínú ìkòkò kékeré. Ẹ fi wàrà díndín tàbí olú sí i, kí ẹ sì da ìwọ̀n ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lé e. Ẹ wá kó ẹran, pọ̀nmọ́ àti edé sínú ìkòkò ńlá, kí ẹ da ẹ̀fọ́ tí ó kù lé e. Ìkòkò kékeré náà kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ lórí iná. Ẹ kò lọ ata lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kò ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹnìkan lè ní ọbẹ̀ tí kò ní omi ẹran kò lè dùn. Irú ni kí ó kọ́kọ́ dá a lóhùn. Hóró igi igbá tí a sè, tí a sì dé mọ́lẹ̀ títí ó fi wú ni irú. Wíwú náà ni ó fún un ní adùn tí ń jọ adùn ẹran lẹ́nu. Omi tí a fi bọ olú náà dára, bẹ́ẹ̀ sì ni àlùbọ́sà tí a dín títí ó fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Oúnjẹ tí ó ti pín ara rẹ̀ tipẹ́

Bí ẹ bá ro ó dáadáa, àwọn olóúnjẹ Ìbàdàn ti mọ ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ni abùlà? Gbẹ̀gìrì wà lọ́tọ̀, ewédú wà lọ́tọ̀, ọbẹ̀ ata àti ẹran wà lọ́tọ̀. Inú àwo ni wọ́n ti ń pàdé. Ẹni tí kì í jẹ ẹran yóò gba gbẹ̀gìrì àti ewédú lórí àmàlà rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí kò tíì fojú kan ẹran. Ẹ kàn rí i dájú pé ẹ kò fi edé tàbí ẹja gbígbẹ sí gbẹ̀gìrì àti ewédú náà, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fara pamọ́ sí.

Mọ́ínmọ́ín náà ti pín ara rẹ̀, nítorí ewé kọ̀ọ̀kan ni ilé tirẹ̀. Ẹ po ẹ̀wà lílọ̀ pọ̀ mọ́ ata, àlùbọ́sà, iyọ̀ àti òróró. Ẹ kọ́kọ́ pọ́n ti ẹni tí kì í jẹ ẹran, kí ẹ fi ẹyin bíbọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá po ẹja mọ́ ìyókù. Ẹ so okùn mọ́ àwọn ti àkọ́kọ́ kí wọ́n má baà dàrú nínú ìkòkò. Ẹ̀kuru, àkàrà, ọ̀jọ̀jọ̀, àdàlú àti ẹ̀wà rírò kò tilẹ̀ béèrè fún ẹran láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni yóò dípò ẹran?

Kò sí ohun tí ń bí ẹni tí kì í jẹ ẹran nínú tó kí a yọ ẹran kúrò nínú àwo rẹ̀ kí a sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Ó dà bí ẹni pé a kò kà á mọ́ ará ilé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara rẹ̀ nílò ohun tí yóò dípò rẹ̀.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá nílò bíi gíráàmù 0.8 èròjà amáradàgbà lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ẹni tí ó bá wọ̀n kílò 60 yóò nílò bíi gíráàmù 48. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi 23 nínú. Ẹyin méjì ní bíi 12. Gíráàmù 50 ẹ̀gúsí lílọ̀ ní bíi 14. Ẹ ro ó pọ̀: ó ti pé, láìsí ẹran kankan. Hóró sóyà tilẹ̀ ju ẹ̀wà lọ, nítorí gíráàmù 100 rẹ̀ ní bíi 36. Iléeṣẹ́ ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí ó kọ́ àwọn ará ìlú bí a ti ń fi sóyà se oúnjẹ ilé láti àwọn ọdún 1980. Wàrà sóyà tí a dín, tí a sì rò mọ́ ata, a máa mu ata dáadáa.

Ẹ̀kọ àti àkàrà tí àwọn ìyá wa máa ń jẹ pọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn nìkan. Ohun tí ó dín kù nínú èròjà amáradàgbà ti ẹ̀wà wà nínú àgbàdo, èyí tí ó sì dín kù nínú ti àgbàdo wà nínú ẹ̀wà. Àdàlú àti ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà dára fún ẹni tí ń mu wàrà màlúù. Omi ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń jẹ́ kí ó dì, kì í ṣe ohun tí a mú láti inú ikùn ẹran. Bí ẹ bá rà á, ẹ bọ̀ ọ́ pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ kí ẹ tó dín in, nítorí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn án lọ́jà. Ní ti olú, ẹ ra èyí tí a gbìn tàbí èyí tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n já. Kì í ṣe gbogbo olú ni jíjẹ.

Ohun méjì wà tí n kò gbọdọ̀ fò. Èkíní ni èròjà irin tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pé lára. Ó wà nínú ẹ̀wà àti ewébẹ̀, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran. Ọsàn tàbí ata tútù tí a jẹ pẹ̀lú oúnjẹ a máa ràn án lọ́wọ́. Tíì tí a mu mọ́ oúnjẹ a máa dí i lọ́nà. Nítorí náà, ẹ gbé tíì sí wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ sì fi ọsàn rọ́pò rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù ni kí ó fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn jù. Èkejì ni fítámínì B12. Kò sí ẹ̀wà tàbí ewébẹ̀ tí a lè gbára lé fún un. Ẹni tí ń jẹ ẹyin tí ó sì ń jẹ wàrà yóò rí i níbẹ̀; ẹni tí kò jẹ ìyẹn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ máa lo oògùn fítámínì náà. Bí ó bá jẹ́ aláboyún tàbí ọmọdé ni kò ní jẹ ẹran, ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà tàbí onímọ̀ oúnjẹ.

Èrè ajẹran

Kí ẹ má rò pé ẹnìkan ṣoṣo ni ètò yìí ń ṣe láǹfààní. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ èso àti ewébẹ̀ tí kò dín ní gíráàmù 400 lójúmọ́. Nígbà tí ata àti ẹ̀fọ́ bá di ìpìlẹ̀ oúnjẹ, tí ẹran sì wá di ohun tí ń tẹ̀lé e, ajẹran náà yóò túbọ̀ súnmọ́ ìwọ̀n yẹn. Ní ọdún 2015, àjọ IARC, tí ó jẹ́ ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka sọ́séèjì àti irú ẹran bẹ́ẹ̀ tí iléeṣẹ́ pa lárà mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ, wọ́n sì ka ẹran pupa mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó fà á. Èyí kò sọ pé kí bàbá má jẹ ẹran mọ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé ègé kan tí ó dára lórí ẹ̀fọ́ tí ó pọ̀ sàn ju ègé mẹ́rin lórí ata lásán lọ. Àpò ilé náà yóò sì mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kékeré tí ń ba ńlá jẹ́

Ẹ má fi ṣíbí ìbubẹ̀ tí ó ti inú ẹran jáde ro ìkòkò kejì. Bí ẹ bá fẹ́ dín dòdò àti ẹja nínú òróró kan náà, dòdò ni kí ó ṣáájú. Ẹ ka ohun tí a kọ sí ara páálí èròjà amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin, nítorí òmíràn ní adìyẹ tàbí edé nínú. Iyọ̀ sì pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fẹ́ kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan.

Ìwọ tí o kò jẹ ẹran pẹ̀lú ní iṣẹ́ tìrẹ. Sọ ohun tí o ń jẹ àti èyí tí o kì í jẹ kí a tó dáná, má dúró di ìgbà tí a bá gbé àwo síwájú rẹ. Ṣa ẹ̀fọ́, lọ ata, kí o má sì yínmú sí pọ̀nmọ́ inú àwo ẹlòmíràn. Àbúrò mi gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ bẹ màmá nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ lọ́jọ́ náà, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti màmá, ọ̀sẹ̀ kẹta ni èmi pẹ̀lú wọn jọ lọ sí ọjà Bódìjà. Wọ́n dúró níwájú oníwàrà fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tí ń yan ẹran, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń ná an. Nígbà tí a délé, wọ́n dín in, wọ́n rò ó mọ́ ata, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé èyí tí ó tóbi jù sí ibi tí ẹran máa ń wà nínú àwo àbúrò mi. ‘Tìrẹ nìyí,’ ni wọ́n wí. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ edé.

Láti ìgbà náà, bí màmá bá ti ṣí ìkòkò, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ni pé, ‘Edé wà nínú èyí o, ìyẹn ni kò ní.’ Gbólóhùn kékeré náà ni ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ méjì búrẹ́dì àti ẹ̀pà. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ bá mi gbìyànjú rẹ̀ nílé yín lọ́sẹ̀ yìí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Kí oúnjẹ ilé má wọ́n wa o.